Ẹja Inú Ọpọ́n Ìwẹ̀

Ìkòkò ni mo ń tà. Ìkòkò, agbada, ìgbákọ, abọ́ ike, bọ́kẹ́ẹ̀tì, gbogbo ohun tí obìnrin fi ń bá oúnjẹ jà. Àtẹ mi wà ní ọjà East Street ní Barking, kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń tú èrò sílẹ̀ bí eéṣú. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbẹ̀ débi pé àwọn ẹyẹlé ọjà náà mọ̀ mí, wọ́n sì mọ ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ yàgbẹ́ sí lórí ọjà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì ka ìkẹfà yẹn dópin. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo ojú oníbàárà lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ ohun tó fẹ́ lọ sè, mo ti mọ iye ẹnu tó wà nílé rẹ̀, mo sì lè sọ bóyá ọkọ rẹ̀ ń jẹun dáadáa.

Ẹnìkan ṣoṣo ni n kò rí kà bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ ni, àtẹ rẹ̀ àti tèmi fara kan ara. Obìnrin kékeré, tí kì í sọ̀rọ̀ sókè, tó jẹ́ pé bí òjò bá fẹ́ rọ̀, àtẹ tèmi ló máa kọ́kọ́ sáré bá mi bò. Láràárọ̀ ló máa ń fi nǹkan kan tó fẹ́ẹ́ funfun, tó fẹ́ẹ́ pọ́n, kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì róbótó. Mo délé, mo sọ fún ìyá mi pé olórìṣà kan ti gba àtẹ ẹ̀gbẹ́ mi, ẹfun ló ń kùn. Ìjọ aláṣọ funfun ni èmi àti ìyá mi ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ òrìṣà kó má dìde dúró. Ó bu omi àdúrà sínú ike fún mi pé kí n máa fi wọ́n ẹsẹ̀ àtẹ mi kí ilẹ̀ ọjà tó mọ́. Mo wọ́n ọn títí. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà rí mi, ó sáré mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ wá, ó bá mi gbá ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó rò pé eruku ni mò ń pa.

Èèpo igi ni ohun tó ń kùn. Wọ́n ń fi omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta, ó ń mú ojú tutù, àwọn obìnrin ilẹ̀ wọn sì ń fi ṣe ẹwà bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi osùn ra ara ọmọ tuntun. N kò sọ fún ìyá mi. Omi àdúrà kì í ṣòfò.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá ra nǹkan lọ́wọ́ mi, ó ń fi ìka kan ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dẹtí sí i. Mo ní, "Àbúrò, ìkòkò mi kò sán o."

Ó ní, "Mo mọ̀, Àǹtí. Èyí tó ń pariwo jù ni mò ń wá."

"Kí lo fẹ́ sè tó ń pariwo?"

"N kò fẹ́ sè nǹkan kan. Mo fẹ́ lù ú ni."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ní ìlú tiwọn, bí ẹ̀mí burúkú bá wọlé, ìkòkò ni wọ́n ń lù láti fi lé e jáde. Àwọn sójà ló tún gbàjọba lọ́dọ̀ wọn, ni gbogbo ìlú bá bọ́ sí ẹnu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, wọ́n ń lu ìkòkò, wọ́n ń lu ọmọrí, àwọn arúgbó ń lu abọ́ ìjẹun. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ kó ara jọ ní Sátidé, kí wọ́n lọ lu tiwọn níwájú ilé ìjọba wọn tó wà láàárín ìgboro níbí.

Mo bi í pé, "Ẹ̀mí burúkú náà lọ?"

Ó ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀, Àǹtí."

Mo ní, "Mú èyí tó tóbi nígbà náà."

Bọ́mà ni ìlú rẹ̀. Ó ní àwọn sójà ti yí orúkọ rẹ̀ padà, Míánmà ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n bó ṣe sọ Bọ́mà ni mo di ẹ̀rín mú, nítorí inú ilé wa ni Bọ́mà tèmi wà. Bàbá ìyá mi bá òyìnbó lọ sí ogun Bọ́mà. Ní Èpé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí ọmọdé bá ń sunkún láìnídìí, wọn á ní, "Ṣé Bọ́mà ni wọ́n ní kí o lọ?" Bí obìnrin bá fẹ́ ọkọ burúkú, wọn á ní ó ti wọ Bọ́mà. Mo dàgbà tán n kò mọ̀ pé ilẹ̀ ni. Mo rò pé oríṣi ìyà kan ni. Ó wá di ọjọ́ alẹ́, mo wá mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń bímọ síbẹ̀, àti pé ọ̀kan nínú wọn ń ta ìbọ̀sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Bí ọjà bá kú, ọ̀rọ̀ ìlú la máa ń fi lé oorun lọ. A máa ń díje. Á ní òyìnbó jọba lé àwọn lórí. Màá ní tiwa kò gbẹ́yìn. Á ní ọkùnrin tí ìbá ṣe olórí àwọn, inú ìpàdé ni wọ́n yìnbọn pa á sí, kí àsíá àwọn tó gòkè. Màá dárúkọ àwọn òkú tiwa. Á ní àwọn sójà wọlé pé àwọn fẹ́ tún ilé ṣe, wọ́n jókòó lórí àga, wọn kò dìde mọ́ títí òun fi dàgbà. Màá ní, "Ṣé wọ́n kọ́kọ́ lu orin lórí rédíò?" Á ní, "Wọ́n lu orin." Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo sójà ayé ti kọ́ṣẹ́.

Ó sọ fún mi pé ìrẹsì ni bàbá òun ń tà. Lọ́jọ́ kan, ìjọba kéde pé àwọn owó bébà kan kì í ṣe owó mọ́. Bàbá náà kó gbogbo owó tó ti fi pamọ́ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi ṣe eré, ó sì lọ dùbúlẹ̀. Ó ní ilẹ̀ àwọn ní òkúta iyebíye, ó ní igi gẹdú, ó ní epo.

Mo ní, "Ẹ ní epo? Ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ibi tí epo bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, sójà kì í jìnnà sí òkè rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi mú àtẹ dání. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí n kò ti lè bá a díje mọ́. Bó bá dé orí àwọn abúlé tí bàálù ń ju iná sí láti òkè, ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú rẹ̀, màá kàn máa to ọmọrí ìkòkò tí mo ti tò tẹ́lẹ̀.

Ohun kan ló máa ń ṣe tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Owó àkọ́tà tó bá gbà láàárọ̀, á mú un, á fi gbá gbogbo ọjà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ́, pẹ́, pẹ́, kí àwọn tó kù lè tẹ̀lé e. Àwa náà ń gbàdúrà sí àkọ́tà, ṣùgbọ́n a kì í na ọjà. Ayé sì ti di ayé káàdì. Lọ́jọ́ tí àkọ́tà bá jẹ́ ti káàdì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba káàdì ló máa ń gbé, á fi gbá ìbọ̀sẹ̀. Mo ní, "Kí ni ìbọ̀sẹ̀ náà ṣe tí o fi ń nà án?" Ó ní, "Mò ń jí wọn ni, Àǹtí."

Ẹnìkan ló kù fún un nílé, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Òun ló pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wọn ń ṣàìsàn, òun ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn ti kú. Àbúrò náà ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Bó bá ti di ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn, tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí lọ́dọ̀ wa, ojú rẹ̀ á yọ nínú fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á máa bèèrè àwọn agbábọ́ọ̀lù Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́ wa bí ẹni pé a jọ ń wọ bọ́ọ̀sì ni. Ó máa ń kí mi. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo ló máa gbéyàwó. Ó wò lẹ́yìn ara rẹ̀, ó yí fóònù kí n lè rí i, ògiri ti ṣubú, ọ̀run ń wọlé. Ilẹ̀ ló mì lọ́dọ̀ wọn, ó wó ilé lulẹ̀ káàkiri. Ó ní, "Àǹtí, ìyàwó á bèèrè ibi tí òrùlé wà." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Èmi pẹ̀lú, bí ilé bá wó lù mí, ó ṣeé ṣe kí n kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ń ta bíríkì.

Àwọn sójà ti ṣòfin pé kí gbogbo ọ̀dọ́ wá wọ iṣẹ́ ogun. Ogun wo? Ogun tí wọ́n ń bá àwọn ará ìlú wọn jà. Àbúrò náà sá pamọ́ títí, ó ń sùn níhìn-ín lónìí, ó ń sùn lọ́hùn-ún lọ́la. Ọjọ́ tó jáde láti lọ ra páànù tí yóò fi bo ilé ni wọ́n dá a dúró lójú ọ̀nà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó yá fóònù ẹlòmíràn, ó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e sí mi létí lórí àtẹ, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní wọ́n ti fá orí òun. Ó ní wọ́n fẹ́ kó àwọn lọ síbi tí ìjà ti ń gbóná. Ó ní bàtà tí wọ́n fún òun tóbi jù, ó ti ń bó òun lẹ́sẹ̀, ṣé ẹ̀gbọ́n òun lè rí ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn fi ránṣẹ́.

Obìnrin tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó dúró sáàárín wọn, funfun, dúdú, olómi aró, èyí tí a ya ajá sí, ó ń wò wọ́n. Ó mú méjì tó nípọn jù, dúdú, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá, ó so ọ̀rá náà mọ́ ẹsẹ̀ àtẹ nísàlẹ̀. Kò sí ibi tí a lè fi í ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n kò tú u mọ́.

Bí ọjọ́ ti ń lọ tí a kò gbọ́ nǹkan mọ́, kò gbá ọjà rẹ̀ mọ́ láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò bá mi díje. Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́ kan, ó wá bá mi pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti rà lọ́wọ́ mi. Ẹja méjì ló wà nínú rẹ̀, láàyè, irú èyí tó gùn bí ejò tí àwọn òyìnbó arúgbó ìhà ibí máa ń jẹ. Ẹlẹ́ja tó wà ní ìparí ọjà ló bẹ̀ pé kó bá òun wá wọn.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tọ́jú wọn di ọ̀la."

Mo ní, "Fíríìjì mi kún."

"Láàyè ni, Àǹtí."

Àṣà wọn ni. Bí ẹ̀mí ènìyàn bá wà nínú ewu, wọ́n á ra ẹ̀mí mìíràn tó ti fẹ́ kú, wọ́n á tú u sílẹ̀ lórúkọ ẹni náà. Ẹja láti ọwọ́ ẹlẹ́ja, ẹyẹ láti inú àgò. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n bí àbúrò rẹ̀, Sátidé ló sì gbọdọ̀ jẹ́. Ó ra méjì kí ọ̀kan má bàa dá rìn. Yàrá kan ló gbà ní ìhà Dagenham Village, nínú ilé tí èrò pọ̀ sí, balùwẹ̀ kan ni gbogbo wọn ń tò sí. Èmi ní ọpọ́n ìwẹ̀, nítòsí Mayesbrook, èmi àti ìyá mi nìkan la sì ń lò ó.

Mo ní kó fún mi. Ta ni èmi tí mo ti ń wọ́n omi sí ẹsẹ̀ àtẹ láti ọjọ́ yìí? Mo gbé wọn lọ sílé ní ọ̀sán, mo pọn omi tútù sínú ọpọ́n, mo tú wọn sí i, wọ́n na ara, wọ́n yípo ara wọn. Ìyá mi ń sùn lórí àga pẹ̀lú Bíbélì lẹ́sẹ̀. N kò jí i. Mo padà sọ́jà.

Nírọ̀lẹ́, èmi àti ọmọ Bọ́mà jọ ń bọ̀, ó fẹ́ wá wo ẹja rẹ̀. Láti ẹnu géètì ni òórùn ti pàdé wa: ata rodo, alùbọ́sà, efinrin tí ìyá mi ń gbìn sínú ike lójú fèrèsé. Ó mí sínú, ó ní, "Àǹtí, ilé yín ń ta sánsán." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Ìyá mi ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dé ilé rẹ̀ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kó tó jẹun. Ó ti gbé abọ́ kalẹ̀ fún àlejò kí n tó bọ́ bàtà tán. Ọmọ Bọ́mà kúnlẹ̀ gba abọ́, nítorí àwọn náà kì í gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà lóòró. Ó bu ṣíbí kan, ata gbá a, omi bọ́ lójú rẹ̀, ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sọ fún un pé kó rọra." Ó tún bu ṣíbí kejì. Ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní òun fẹ́ lọ kí àwọn ẹja òun, ó gba ọ̀nà balùwẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni mo wo inú ìkòkò.

Mo ní, "Màmá, ẹja wo lẹ fi se ọbẹ̀ yìí?"

"Ẹja wo lo fẹ́ kí n fi sè é? Àwọn tó o gbé sínú ọpọ́n ìwẹ̀ ni. Mo fẹ́ wẹ̀, mo rò pé ejò ni. Mo wo ìrù wọn, mo ní, ọmọ Èpé ni mí, ẹja kì í fara pamọ́ fún mi. Ta ló ń gbé ẹja sí balùwẹ̀? Ṣé wọ́n fẹ́ lọ sóde ni, tí wọ́n fi ń wẹ̀? Mo ní ó ti rẹ̀ ọ́, o kò lè ṣe é, jẹ́ kí n bá ọ ṣe é. Mo sì ti fọ ọpọ́n náà."

Ó fọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ó ń dán. Ọmọ Bọ́mà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọpọ́n funfun, ó wá yíjú wo abọ́ tó gbé sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo rí i nígbà tí ó yé e. Ó padà wá jókòó jẹ́ẹ́. Kò sọkún, kò sì bínú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ẹnu rẹ̀ bí ọmọdé, ó tún un nù. N kò mọ ibi tí màá gbé ojú mi sí. Ohun gbogbo ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, títí kan ìsìnkú. Lọ́jọ́ yẹn, mo wá ẹ̀rín títí, n kò rí i.

Ìyá mi ní, "Kí ló dé? Ata náà pọ̀ jù?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti àbúrò, mo sọ ti sójà, mo sọ ohun tí ẹja náà wà fún. Mo rò pé á ní ìbọ̀rìṣà ni, á sì wá omi àdúrà rẹ̀. Ó rọra jókòó, ó ń wo ìkòkò orí iná bí ẹni tí wọ́n gbé òkú sí níwájú.

Nígbà tó yá, ó ní, "Bọ́mà ló pe ìlú rẹ̀?"

"Bọ́mà ni, Màmá."

"Bi í pé, kí ni wọ́n máa ń sọ fún ẹja náà kí wọ́n tó tú u sílẹ̀?"

Mo bi í. Ó ní wọ́n á dárúkọ ẹni tí wọ́n ń tú u sílẹ̀ fún, wọ́n á sì ní kí ẹja náà máa lọ ní àlàáfíà.

Ìyá mi di orí rẹ̀ mú. Ó wá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti bí mi. Ó ní lẹ́yìn tí bàbá òun ti ogun dé, kò jẹ ẹja mọ́, ní Èpé, níbi tí ẹja ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á lọ sí etí ọ̀sà, á ra àrọ̀ tó ṣì ń jà lọ́wọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́ja, á bù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, á ní kí ìyá mi rù ú tẹ̀lé òun. Wọ́n á rìn jìnnà, wọ́n á dé ibi tí kò sí ènìyàn, á tẹ̀ ba, á máa tú wọn sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ kan, ẹja kan. Àwọn orúkọ kan jọ ti Hausa, àwọn kan jọ tiwa, àwọn kan kò jọ nǹkan tí ẹnikẹ́ni gbọ́ rí. Àwọn ẹlẹ́ja ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Bọ́mà ti da orí rẹ̀ rú, ó ń ra ẹja lọ́wọ́ ọ̀sà fún ọ̀sà. Àwọn ọmọdé ń fi kọrin.

Ìyá mi ní, "Ojú máa ń tì mí. Mo máa ń da aṣọ borí kí àwọn ẹgbẹ́ mi má bàa rí mi. Ó kú, n kò bi í léèrè. Wèrè la pè é."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ Bọ́mà dìde lórí àga, ó lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá mi. Ó ní, "Ẹ sọ fún Màmá pé bàbá wọn kì í ṣe wèrè. Ẹnìkan nílé wa ló kọ́ ọ." Àwọn méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí sọkún, ọ̀kan ń sun ti bàbá, ọ̀kan ń sun ti àbúrò, kò sì sí ẹni tó gbọ́ èdè ẹnìkejì.

Ní Sátidé kejì, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló lọ bá ẹlẹ́ja. Kò gbà kí n bá òun gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó wọ sùtánà funfun rẹ̀, ó bọ́ bàtà bí ẹni tó ń lọ sí orí ilẹ̀ mímọ́, nínú òtútù yẹn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gba ìsàlẹ̀ ìlú lọ sí etí Odò Roding. Omi náà dúdú, ike àti ẹ̀ka igi ń léfòó lórí rẹ̀. Mo wo odò náà, mo ní nínú mi pé, bí wọ́n bá bi ẹja wọ̀nyí léèrè, ó ṣeé ṣe kí wọ́n yan ìkòkò.

Òyìnbó kan tó ń fa ajá kọjá rí wa, obìnrin aláṣọ funfun láìsí bàtà, obìnrin tó kun ẹ̀rẹ̀kẹ́, èmi pẹ̀lú kóòtù ńlá. Ó ní, "Oúnjẹ alẹ́ yín ló fẹ́ bọ́ lọ yẹn o."

Mo ní, "A ti jẹ tiwa tẹ́lẹ̀, ọ̀gá. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro."

Ọmọ Bọ́mà tú ọ̀kan sílẹ̀, ó dárúkọ àbúrò rẹ̀. Ìyá mi tú èkejì, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó ní, "Ẹ dárí jì mí." Ẹja náà kò dúró gbọ́. Ó ti lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ìpè dé. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ mú ló pè, ó ti rí ọ̀nà sá dé ẹnu ibodè. Ó ní wọ́n kó àwọn sọdá odò kan, ìbọn ń bọ̀ láti òdìkejì, àwọn ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú. Àbúrò ọmọ Bọ́mà kò gòkè odò náà.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sọ fún wa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a kò tíì bọ́ aṣọ funfun. Ó wólẹ̀ fún ìyá mi, ó fi iwájú orí kan kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún Màmá. Ọjọ́ tó kú, ẹja kò tíì dé ilé yín. Kí Màmá tó gbé ìkòkò kaná, ó ti lọ. Kì í ṣe ọbẹ̀ yẹn. Ẹ sọ ọ́ dáadáa fún wọn."

Mo sọ ọ́ dáadáa. Ìyá mi gbé e dìde, ó fi ìborí rẹ̀ nu ojú fún un, ó sì gbàdúrà lé e lórí ní èdè Ìjẹ̀bú tí èmi gan-an kò gbọ́ tán.

Nígbà tó lọ tán, ìyá mi ní, "Ṣé òótọ́ ló sọ nípa ọjọ́ yẹn, àbí ojú mi ló wò?"

Mo ní, "Màmá, ọlọ́jà ni. Ọlọ́jà kì í sọ iye tó ra ọjà rẹ̀ fún ènìyàn."

Kò bi mí mọ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹnu kan ẹja. Mo sọ fún un pé ọmọ Èpé tí kò jẹ ẹja, kí ló kù? Ó ní, "Bàbá mi náà kò jẹ ẹ́."

Lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ méje ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹ̀mí òkú kó tó rí ọ̀nà lọ. Ọmọ Bọ́mà jókòó sí yàrá rẹ̀, àwọn ará ìlú rẹ̀ ń wá bá a. Mo ní kí owó àtẹ tó ti san má ṣòfò, mo ń bá a ta ọjà rẹ̀ mọ́ tèmi. Èmi tí mo máa ń sọ pé kí ni ènìyàn ń jẹ nínú ìbọ̀sẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ọkùnrin òṣìṣẹ́ kan, tó wọ bàtà ńlá tí amọ̀ ti gbẹ mọ́, ra ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ó fi káàdì sanwó. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dún, mo dúró tì í. Mo wò sọ́tùn-ún, mo wò sósì, pé kí ọlọ́jà kankan má rí mi. Mo gbé ẹ̀rọ náà, mo fi gbá àwọn ìbọ̀sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ́, pẹ́, pẹ́, funfun, dúdú, olómi aró, èyí tí a ya ajá sí.

Ọkùnrin náà ń wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó rí ọ̀rá tó so rọ̀ sísàlẹ̀ àtẹ. Ó ní, "Èyí tó nípọn yẹn ńkọ́? Irú rẹ̀ gan-an ni bàtà mi ń fẹ́. Èló ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ó ti ní ẹni tó ni ín."